"Ṣe Bí O Ti Mọ": Ìwàásù Ọ̀gbẹ́ni Paul Ryan Lórí Iṣẹ́, Gbèsè àti Ìnáwó Ìjọba

Nígbà tí àwọn àgbà wa bá rí ẹni tí ìnáwó rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n máa ń sọ fún un: "Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n." Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò kéré. Ohun tí ó yẹ ẹlẹ́wà ni ó yẹ baálé ilé. Ohun tí ó sì yẹ baálé ilé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà, ni ó yẹ ìjọba. Bí ó ti wù kí ó rí, ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bèèrè nígbà tí irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ bá ti ẹnu òṣèlú jáde. Ta ni ó ń wàásù fún? Nígbà tí àpò ìjọba sì bọ́ sí ọwọ́ oníwàásù náà fúnra rẹ̀, báwo ni ó ti ná an?

Ìbéèrè wọ̀nyí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, aṣòfin kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀gbẹ́ni Paul Ryan ni orúkọ rẹ̀. Ogún ọdún gbáko, láti oṣù kìíní ọdún 1999 títí di oṣù kìíní ọdún 2019, ni ó fi ṣojú ìlú Janesville àti agbègbè rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú ní Washington. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ni, ẹgbẹ́ àwọn tí ó gbà pé ìjọba tí ó kéré, tí kì í náwó púpọ̀, tí kì í sì gba owó-orí púpọ̀, ni ìjọba tí ó dára. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó fi di olókìkí. Ó ti kúrò nílé ìgbìmọ̀ báyìí, ariwo ìdìbò rẹ̀ sì ti rọlẹ̀. Nítorí náà a lè gbé ọ̀rọ̀ àti ìṣe rẹ̀ lé orí òṣùwọ̀n kan náà láìsí ìbínú àti láìsí ojúsàájú.

A bí Ọ̀gbẹ́ni Ryan ní Janesville ní ọdún 1970. Ìdílé rẹ̀ kì í ṣe ìdílé tálákà, nítorí pé láti ọdún 1884 ni bàbá tí ó bí bàbá àgbà rẹ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé sílẹ̀ ní ìlú náà. Ṣùgbọ́n ikú kò mọ ọlọ́rọ̀. Bàbá rẹ̀, tí í ṣe agbẹjọ́rò, kú lójijì ní ọdún 1986, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 16. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Social Security. Òfin yìí ni ó ń san owó fún àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì, òun náà ni ó sì ń fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kú ní owó ìtọ́jú títí yóò fi dàgbà. Ọmọ náà gba owó yìí, ó sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí i.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà bí òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ́, nítorí agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn ni. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ìwàásù rẹ̀ ní.

Èkínní ni gbèsè. Ó ní gbogbo owó tí ìjọba bá yá lónìí, owó-orí tí a ó gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa lọ́la ni. Kò sí Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣàjèjì sí, nítorí pé àwọn baba wa mọ ìwọ̀fà. Baba yóò yá owó, yóò sì fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ náà bá ṣe lóko olówó, èlé ni ó fi ń san; kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú owó gan-an tí baba rẹ̀ yá. Bí ó sin olówó fún ọdún mẹ́wàá, tí baba kò sì rí owó san, ìwọ̀fà ni yóò ṣì jẹ́. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ryan ní ìran tiwa ń dì lé ìran tí ń bọ̀ lórí.

Èkejì ni ìnáwó. Ó ní kì í ṣe ọkọ̀ àwọn ìjòyè tàbí àsè ìjọba ni ó ń jẹ owó Amẹ́ríkà tán. Owó ìfẹ̀yìntì ni, àti owó ìtọ́jú àìsàn àwọn arúgbó, tí wọ́n ń pè ní Medicare, àti ti àwọn aláìní, tí wọ́n ń pè ní Medicaid. Àwọn tí a bí lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì pọ̀ jọjọ, wọ́n sì ti ń di arúgbó. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ láti bọ́ wọn kò sì pọ̀ tó bí ti àtijọ́. Nígbà tí ó di alága ìgbìmọ̀ ìṣúná Ilé Aṣojú ní ọdún 2011, ó gbé ètò kan jáde tí ó pè ní "Ọ̀nà sí Aásìkí." Ètò náà yóò gé nǹkan bí tírílíọ̀nù 5.8 dọ́là kúrò nínú ìnáwó ìjọba láàárín ọdún mẹ́wàá. (Ẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù ni tírílíọ̀nù kan.) Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 55 kò ní rí Medicare gbà bí ti àtijọ́ nígbà tí ó bá darúgbó, ìjọba yóò kàn fún un ní iye owó kan kí ó fi ra inṣọ́ránsì fúnra rẹ̀. Owó Medicaid náà, iye kan pàtó ni a ó máa pín fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ilé Aṣojú fọwọ́ sí ètò yìí ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìbò 235 sí 193, ṣùgbọ́n Ilé Ìgbìmọ̀ Àgbà kọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́. Ó ní ìjọba kọ́ ni ó ń dá iṣẹ́ sílẹ̀, bí kò ṣe oníṣòwò. Bí a bá dín owó-orí oníṣòwò kù, èrè tí ó bá ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ ni yóò fi kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun, tí yóò fi ra ẹ̀rọ, tí yóò sì fi gba ọmọ ènìyàn síṣẹ́.

Kí a má ṣe purọ́, òtítọ́ wà nínú ìwàásù yìí. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ryan wọ ilé ìgbìmọ̀ ní ọdún 1999, gbèsè Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí tírílíọ̀nù 5.6 dọ́là. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá tírílíọ̀nù 36. Nínú ọdún ìṣúná 2024 yìí kan náà, èlé lásán tí ìjọba Amẹ́ríkà san lórí gbèsè lé ní bílíọ̀nù 800 dọ́là, ó sì ju owó tí ó ná lórí ológun rẹ̀ lọ. Ẹ rò ó wò: ìjọba tí ó ń náwó lórí ológun jù lọ láyé, èlé gbèsè rẹ̀ tún ju owó ogun rẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n rò ní ọdún 2011 pé ọkùnrin yìí kàn ń dẹ́rù ba ènìyàn ni, ó yẹ kí wọ́n gbà pé ohun tí ó rí lókèèrè kì í ṣe àlá.

Ṣùgbọ́n ìjọba kì í ṣe baálé ilé nínú ohun gbogbo. Bí baálé ilé kan bá dáwọ́ ọjà rírà dúró, ọjà kò ní tú nítorí tirẹ̀. Bí gbogbo ilé bá dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan náà nítorí ìbẹ̀rù, tí ìjọba náà sì di àpò tirẹ̀ pinpin, ta ni yóò ra ọjà lọ́wọ́ ẹlẹ́wà? Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dé sí Amẹ́ríkà ní ọdún 2008. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá ọdún 2009, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó yẹ kí ó máa ṣiṣẹ́, mẹ́wàá ni kò ríṣẹ́ ṣe. Ìlú Janesville gan-an wà lára ibi tí ìyà yìí ti pọ̀ jù lọ.

Ilé-iṣẹ́ General Motors ni ó gbé ìlú náà ró. Láti ọdún 1919 ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ìroko níbẹ̀, láti ọdún 1923 sì ni wọ́n ti ń ṣe mọ́tò Chevrolet. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà gbòòrò jù lọ, ní àwọn ọdún 1970, nǹkan bí ènìyàn 7,000 ni ó ń jẹun níbẹ̀. Bàbá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ a sì tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2008, nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ méjì péré, mọ́tò tí ó kẹ́yìn jáde, ilẹ̀kùn sì tì. Àwọn mìíràn nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà fi aya àti ọmọ sílẹ̀ ní Janesville, wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà ní Fort Wayne, ní ìpínlẹ̀ Indiana, tàbí ní ibi tí ó jìnnà ju ìyẹn lọ, ní Kansas City àti ní Texas. Àwọn mìíràn tí wọ́n ti lé ní ogójì ọdún padà sí kíláàsì láti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tuntun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì rí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ tó ti àtijọ́. A ti wó ilé-iṣẹ́ náà palẹ̀ báyìí.

Kí ni aṣòfin wọn ṣe? Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ yí padà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, Ọ̀gbẹ́ni Ryan dìbò fún òfin tí ó ya bílíọ̀nù 700 dọ́là sọ́tọ̀ láti gba àwọn ilé ìfowópamọ́ là. Ní oṣù kejìlá, ó wà lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Republican díẹ̀, 32 péré, tí wọ́n fọwọ́ sí i nínú Ilé Aṣojú pé kí ìjọba yá àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò lówó. Ní ọdún 2009, ó tako bílíọ̀nù 787 dọ́là tí Ààrẹ Barack Obama fẹ́ fi ta ọrọ̀ ajé jí. Síbẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n fún àwọn kan ní Wisconsin nínú owó náà gan-an. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà wọ̀nyí di ariwo ní ọdún 2012, nígbà tí ó ń du ipò igbá-kejì Ààrẹ.

Àwa kò sọ èyí láti fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ríṣẹ́ ṣe, tí ó jókòó tẹtẹrẹ nítorí ìlànà ẹgbẹ́ òṣèlú, kò yẹ ní aṣojú. Ohun tí a ń fà yọ ni pé nígbà tí ìyà náà ní ojú àti orúkọ, tí ó jẹ́ ìyà ará àdúgbò tirẹ̀, aṣòfin náà mọ̀ pé ọwọ́ ìjọba wúlò. Nígbà tí ó sì jẹ́ ọmọ òrukàn ọdún 16, ọwọ́ ìjọba yìí kan náà ni ó gbé e dé yunifásítì. Ìṣòro ìwàásù bẹ́ẹ̀ ni pé orí ẹni tí oníwàásù kò rí ni gígé máa ń bọ́ sí: arúgbó tí kò mọ̀ rí, aláìsàn tí ó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ ìwé ìṣirò wò. Láti ọdún 1998 títí di 2001, owó tí ń wọlé fún ìjọba Amẹ́ríkà ju èyí tí ń jáde lọ. Ọdún mẹ́rin léra wọn ni owó ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà wọ́n dín owó-orí kù ní ọdún 2001, wọ́n tún dín in kù ní 2003. Wọ́n gbé ogun lọ sí Iraq. Wọ́n fi owó oògùn kún Medicare fún àwọn arúgbó ní ọdún 2003 yìí kan náà. Gbogbo rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ryan dìbò fún, kò sì sí ọ̀kan tí wọ́n wá owó tuntun sílẹ̀ fún. Ní ọdún 2010, ó jẹ́ ọ̀kan nínú ènìyàn 18 tí wọ́n yàn láti wá ojútùú sí gbèsè. Ìmọ̀ràn tí ó jáde níbẹ̀ ni pé kí a dín ìnáwó kù, kí a sì fi kún owó tí ń wọlé. Ènìyàn 11 fọwọ́ sí i, nígbà tí 14 ni ó yẹ kí ó fọwọ́ sí i. Ọ̀gbẹ́ni Ryan wà lára àwọn tí wọ́n kọ̀.

Ní ọdún 2015 ni ó di Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú. Nígbà tí ọdún 2017 sì dé, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ni Ààrẹ, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì. Iṣẹ́ wà nílẹ̀, ogun ńlá kò sí, ọjà ń tà. Bí àgbẹ̀ kò bá kó àgbàdo pamọ́ nígbà ìkórè, ìgbà wo ni yóò kó o? Òfin tí ó ṣe pàtàkì jù lọ tí ó ti ọwọ́ wọn jáde, tí Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 2017, ni òfin tí ó dín owó-orí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kù láti sẹ́ńtì 35 nínú dọ́là èrè kan sí sẹ́ńtì 21. Àwọn oníṣirò ilé ìgbìmọ̀ fúnra wọn sọ pé yóò fi nǹkan bí tírílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là kún gbèsè láàárín ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù kejì ọdún 2018, wọ́n tún fi nǹkan bí bílíọ̀nù 300 kún ìnáwó ọdún méjì. Owó tí ìjọba fi ń ná ju èyí tí ń wọlé lọ jẹ́ bílíọ̀nù 665 ní ọdún 2017. Ó di 779 ní 2018. Ó di 984 ní 2019. Ní ọjọ́ tí oníwàásù gbèsè fi ilé ìgbìmọ̀ sílẹ̀, gbèsè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tírílíọ̀nù 22.

Àwọn tí ń gbèjà rẹ̀ ní ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì yẹ kí a gbọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀ ní ọdún 2018. Nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí kò ríṣẹ́ kò tó mẹ́rin. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n láti ọdún 2010 ni iye náà ti ń lọ sílẹ̀, kí òfin owó-orí yìí tó dé. Wọ́n tún ní Ààrẹ Trump ti ṣèlérí fún àwọn olùdìbò pé òun kò ní fọwọ́ kan Medicare àti Social Security, nítorí náà ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ryan kò tó ohun tí ó fẹ́ gé. Èyí pẹ̀lú jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó jẹ gbèsè bá mọ̀ pé ìnáwó kò ṣe é dín kù, ṣé ìgbà yẹn ni ó yẹ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín owó tí ń wọlé fún un kù? Ìwàásù náà ní ìdajì tí ó dùn àti ìdajì tí ó korò. Èyí tí ó dùn ni wọ́n ṣe. Èyí tí ó korò ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ ìwọ̀fà ṣì wà lóko olówó.

Ìgbà kan wà, síbẹ̀, tí ó yẹ kí a yin ọkùnrin yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì jà títí ìjọba Amẹ́ríkà fi ti ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ 16. Ní oṣù kejìlá, Ọ̀gbẹ́ni Ryan jókòó pẹ̀lú Ìyáàfin Patty Murray, ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Àgbà láti inú ẹgbẹ́ Democrat, wọ́n sì fẹnu kò lórí ìṣúná ọdún méjì. Kò sí ẹni tí ó rí gbogbo ohun tí ó fẹ́ nínú àwọn méjèèjì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tiwọn gan-an sì bú wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìpàdé kékeré yìí, tí kò ní ariwo nínú, so èso ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwàásù lọ.

Ẹnìkan lè bi wá pé, kí ni ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà kàn wá níhìn-ín? Ó kàn wá. Láti oṣù kẹta ọdún 2022 títí di oṣù keje ọdún 2023, ilé ìfowópamọ́ àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé èlé owó sókè láti ibi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá dé ibi tí ó ti ju dọ́là márùn-ún lọ lórí ọgọ́rùn-ún. Gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó ń yá dọ́là ni ó sì mọ̀ ọ́n lára. Amẹ́ríkà ń jẹ gbèsè ní owó tí òun fúnra rẹ̀ ń tẹ̀. Àwa kò lè tẹ dọ́là. Ní ọdún 2005, orílẹ̀-èdè wa jẹ àwọn ìjọba ẹgbẹ́ ayánilówó ti Paris ní nǹkan bí bílíọ̀nù 30 dọ́là. Wọ́n dárí nǹkan bí 18 jì wá, a sì san nǹkan bí 12. A yọ̀, a jó. Lẹ́yìn náà a tún bẹ̀rẹ̀ sí í yá, títí gbogbo gbèsè ìjọba wa fi kọjá tírílíọ̀nù 144 náírà ní òpin ọdún 2024. Nítorí náà àwọn aṣòfin tiwa pẹ̀lú yóò máa wàásù "ṣe bí o ti mọ" fún wa, ó sì yẹ kí a mọ bí a ó ti dán ìwàásù náà wò.

Ìmọ̀ràn wa fún olùdìbò kò ju mẹ́ta lọ. Bí aṣòfin bá ní òun yóò dín ìnáwó kù, kí a bi í léèrè àwo ta ni òun yóò kọ́kọ́ bù kúrò nínú rẹ̀, àti bóyá àwo tirẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá ní òun yóò dín owó-orí kù kí iṣẹ́ lè pọ̀, kí a bi í léèrè ibi tí owó tí a fi ń san èlé gbèsè yóò ti wá. Èyí tí ó sì ṣe pàtàkì jù lọ ni pé kí a má ṣe wo ohun tí ó sọ nígbà tí ẹgbẹ́ alátakò wà lórí àlééfà; kí a wo ohun tí ó ṣe nígbà tí àpò wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tí ó bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò.